Lẹ́tà sí Olóòtú: Oògùn Huntington tí ẹ ní ó ti dé kò tíì sí lórí àtẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. A ka ohun tí ẹ kọ sí ojú ewé ìlera yín pé wọ́n ti rí ìwòsàn àrùn Huntington, àrùn àjogúnbá tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, pé abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń lé e lọ, àti pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ló ti yè. A mọ ibi tí ìròyìn náà ti ṣẹ̀, kò sì jẹ́ irọ́ látòkèdélẹ̀. Àmọ́ nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ sọ yẹn, kò sí ọ̀kan tó rí bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an. Nọ́ọ̀sì àti apòògùn ni àwa tó kọ lẹ́tà yìí, ìtọ́jú àwọn àrùn ọpọlọ àjogúnbá sì niṣẹ́ òòjọ́ wa. Ẹni tó bá gba irú àkọlé bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó fi máa lé oògùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè rà, ó sì lè jẹ́ pé àrùn tó ń ṣe ará ilé rẹ̀ gan-an kò sí lára ohun tí oògùn náà wà fún. Èyí kejì yìí ló dùn wá jù, torí àwa ènìyàn dúdú ló kàn ju ẹnikẹ́ni lọ. A ó dé bẹ̀.

Dókítà George Huntington ló kọ̀wé tó là nípa àrùn yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1872. Ní 1993 ni àwọn onímọ̀ rí jíìnì tó ń fà á, ìyẹn ìlànà àjogúnbá kan nínú sẹ́ẹ̀lì, lórí kurómósómù kẹrin. Nínú jíìnì náà, lẹ́tà mẹ́ta kan, C, A àti G, máa ń tún ara wọn kọ léraléra. Bí wọ́n bá tún ara wọn kọ tó ìgbà 26 tàbí kó dín, kò séwu. Láti 27 dé 35, ẹni tó ni ín kò ní ṣàìsàn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà lè ga sí i lára ọmọ tó bí, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá. Láti 36 dé 39, ó lè mú un, ó sì lè má mú un. Láti 40 lọ sókè, bí ẹ̀mí onítọ̀hún bá gùn tó, àrùn náà yóò dé. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga sí i ni àrùn ṣe ń tètè dé. Àwọn tó bá lé ní 60 lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lọ́mọdé.

Gbogbo wa ló mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù, AS àti SS, pé àfi kí bàbá àti ìyá méjèèjì fún ọmọ ní S kí ọmọ tó jẹ́ SS. Ti Huntington kò rí bẹ́ẹ̀. Òbí kan péré tó bá ní in ti tó, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí ló sì ní ìdajì àǹfààní láti jogún rẹ̀. Ó sì máa ń fara pa mọ́: ọ̀pọ̀ kì í rí àmì kankan títí wọn yóò fi pé ọgbọ̀n, ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, nígbà tí wọ́n ti bímọ tán. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra wọn, ẹni tó jẹ́ onísùúrù á di oníbìínú, ẹni tó mọ owó ṣírò á máa ṣi owó ọjà ṣírò, ìrẹ̀wẹ̀sì á wọlé. Àwọn ará àdúgbò á ní ó mutí yó. Àwọn ará ilé á ní èpè ni, pàápàá tí wọ́n bá rántí pé bí ó ṣe ṣe bàbá rẹ̀ náà nìyẹn. Láti ìgbà tí àmì bá ti hàn, ọdún 15 sí 20 ni ọ̀pọ̀ máa ń lò láyé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo oògùn tí ẹ ròyìn. AMT-130 lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ uniQure ló ni ín. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní AAV5 ni wọ́n tú inú rẹ̀ dà nù, tí wọ́n wá fi ìlànà kékeré kan sínú rẹ̀. Bí ìlànà yìí bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì náà á máa pèsè ohun kan tó ń run ońṣẹ́ tó ń gbé àṣẹ jíìnì Huntington lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe purotéènì. Àṣẹ kò dé mọ́, purotéènì burúkú tí jíìnì náà ń mú wá á dín kù. Àmọ́ ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé fáírọ́ọ̀sì náà dé wà ní ìjìnlẹ̀ ọpọlọ, apá méjì tí wọ́n ń pè ní caudate àti putamen. Orí ni wọ́n ń lu sí, lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n á ti ọ̀pá róbà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ MRI wo ibi tó dé bí oògùn ṣe ń kán díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà lè gba wákàtí 12 sí 18. Ohun tí ẹ pè ní abẹ́rẹ́ nìyẹn. Lóòótọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìyẹn náà túmọ̀ sí pé kò ṣeé fà yọ mọ́. Oògùn oníhóró tó bá bá ènìyàn lára jà, a óò dá a dúró; èyí tí wọ́n ti fi sínú ọpọlọ, inú ọpọlọ ló wà. Nínú oṣù Kẹjọ 2022, wọ́n dá ìwọ̀n gíga, nínú ìwọ̀n méjì tí wọ́n ń dán wò, dúró fún ìgbà díẹ̀ torí pé ọpọlọ àwọn mẹ́ta nínú 14 tó gbà á wú, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ padà pẹ̀lú ìṣọ́ra tó pọ̀ sí i.

Àwọn 29 ni wọ́n ròyìn wọn nínú oṣù Kẹsàn-án 2025: 17 gba ìwọ̀n gíga, 12 gba ìwọ̀n kékeré. Nínú àwọn 17, àwọn 12 péré ló ti pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Orí àwọn 12 yìí ni nọ́ńbà 75 yẹn dúró lé. Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tó kó ìrìn, ìrònú àti iṣẹ́ òòjọ́ pọ̀, tó máa ń lọ sílẹ̀ bí àrùn bá ń le. Láàárín ọdún mẹ́ta, máàkì àwọn tí wọn ò gba oògùn já wálẹ̀ pẹ̀lú 1.52; ti àwọn tó gba ìwọ̀n gíga já wálẹ̀ pẹ̀lú 0.38. Ẹ yọ 0.38 kúrò nínú 1.52, ó ku 1.14, ìyẹn sì ni ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún 1.52. Kò sí ènìyàn 75 níbì kankan nínú ìṣirò yìí, kò sì sí ẹni tí wọ́n kéde pé ó yè. Àrùn náà ṣì ń lọ. Ó ń rọra lọ ni. Lórí òṣùwọ̀n iṣẹ́ òòjọ́ nìkan, ìyẹn bí ènìyàn ṣe lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bójú tó owó rẹ̀, wẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ta wá ni àwọn tí wọn ò gba oògùn? Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe àwọn tí wọ́n jọ wọ ìdánwò náà pọ̀. Inú àkọsílẹ̀ Enroll-HD ni wọ́n ti ṣà wọ́n, àwọn aláìsàn kárí ayé tí dókítà ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún, wọ́n wá fi ọjọ́ orí, nọ́ńbà CAG àti bí àrùn ṣe le tó bá àwọn tó gba oògùn dọ́gba. Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ ẹni tó gbà kí wọ́n lu òun lórí lè yàtọ̀ sí ẹni tí kò gbà lọ́nà tí òṣùwọ̀n kankan ò lè rí. Nínú oṣù Kọkànlá 2025 ni uniQure fúnra rẹ̀ kéde pé àjọ FDA tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà kò gbà mọ́ pé irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ tó láti fi bẹ̀bẹ̀ fún ìwé àṣẹ. Ìròyìn yín kò mẹ́nu ba èyí. Ní tiwa, ìròyìn oṣù Kẹsàn-án yẹn ni ohun tó dára jù lọ tí a tíì gbọ́ nípa àrùn yìí, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà wa bí ẹni pé a ń ṣe atakò rẹ̀. Ènìyàn 12 ló ṣì jẹ́.

Ìdí tí a kò fi tètè jó ni oògùn Huntington mìíràn tó ń jẹ́ tominersen. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìròyìn oògùn àrùn ọpọlọ kan ṣoṣo lọ́dún yìí, ẹ kọ ti tominersen, torí òun ló kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. Ilé iṣẹ́ Ionis ló pilẹ̀ rẹ̀, Roche sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Òun kò nílò kí wọ́n lu orí. Okùn kékeré kan tí wọ́n ṣe nínú yàrá ìwádìí ni, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ońṣẹ́ jíìnì Huntington kí sẹ́ẹ̀lì lè gé ońṣẹ́ náà sọnù. Torí kì í ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà fún un. Aláìsàn á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á ká eékún mọ́ àyà, tàbí kó jókòó kó tẹrí ba síwájú. Wọ́n á fi oògùn pa ibẹ̀ kú, wọ́n á ki abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín eegun ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ibi tí okùn ẹ̀yìn ti parí, wọ́n á kọ́kọ́ fa omi ọpọlọ díẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò, wọ́n á sì ti oògùn wọlé, nǹkan bí 20 mílílítà. Ẹ̀fọ́rí tó ń le nígbà tí ènìyàn bá dìde tó sì ń rọ̀ nígbà tó bá dùbúlẹ̀ ni ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn rẹ̀, nítorí omi ń jò díẹ̀ láti ojú ihò náà. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú ló ń dín in kù.

Láti 2015 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára àwọn 46, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sarah Tabrizi ti University College London ló ṣáájú ìwádìí náà. Wọ́n ń ti 10 mílígíráàmù gùn ún dé 120. Bí ìwọ̀n ṣe ń ga ni purotéènì burúkú inú omi ọpọlọ ń dín kù, ní ìwọ̀n tó ga jù ó dín tó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tí oògùn náà ṣe ní jàǹbá ńlá. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ nínú oṣù Kejìlá 2017, gbogbo ayé pariwo, àwọn ìwé ìròyìn lóríṣiríṣi gbé e sójú ewé àkọ́kọ́. Ní 2019 ni ìdánwò ńlá bẹ̀rẹ̀: ènìyàn 791 ní orílẹ̀-èdè 18. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta láìjẹ́ pé aláìsàn tàbí dókítà rẹ̀ mọ ọ̀nà tó bọ́ sí. Apá kan ń gba 120 mílígíráàmù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, apá kan ní ọ̀sẹ̀ 16-16, apá kẹta ń gba omi tí kò ní oògùn nínú, láti ẹ̀yìn kan náà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan náà.

Nínú oṣù Kẹta 2021, ìgbìmọ̀ aládàáni tó ń wo èsì lábẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró. Àwọn tó ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ burú ju àwọn tó ń gba omi lásán lọ. Ẹ tún un kà. Purotéènì wọn dín kù bí wọ́n ṣe ṣèlérí, ara wọn sì burú sí i. Àwọn ihò omi inú ọpọlọ wọn tóbi sí i. Ohun tó ṣeé ṣe kó fà á pọ̀: oògùn náà kò yan èyí tó dára kúrò lára èyí tí kò dára, ó ń dín méjèèjì kù, sẹ́ẹ̀lì sì nílò èyí tó dára, ìwọ̀n náà lè ti pọ̀ jù tàbí kó súnmọ́ra jù, oògùn tó gba ẹ̀yìn wọlé ń pọ̀ lójú ọpọlọ ju ìjìnlẹ̀ tí àrùn náà ti ń jà lọ, àwọn kan sì ti pẹ́ jù nínú àrùn náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan sígbà náà tí ilé iṣẹ́ Wave Life Sciences náà dá àwọn oògùn tirẹ̀ méjì dúró.

Ẹ wá ronú pé wọn ò ní apá tó ń gba omi lásán. Gbogbo àwọn 791 ni ì bá máa gba oògùn, àrùn wọn ì bá máa le, gbogbo dókítà ì bá sì máa sọ pé bí Huntington ṣe ń rí nìyẹn, pé oògùn náà kàn ń gbìyànjú ni. Omi lásán yẹn ló tú àṣírí. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá bi wá léèrè pé kí ló dé tí wọ́n á fi máa gún aláìsàn lẹ́yìn láti fún un ní omi, ìdáhùn wa nìyẹn, kò sì sí èyí tó dára jù ú lọ. Tominersen kò kú ṣá o. Wọ́n tún èsì náà yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó jọ pé àwọn ọ̀dọ́ tí àrùn wọn kò tíì le jàǹfààní díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìdánwò mìíràn lára àwọn ọmọ ọdún 25 sí 50, ní 60 tàbí 100 mílígíráàmù, ọ̀sẹ̀ 16-16. Ní 2025 wọ́n fi 60 sílẹ̀, wọ́n ń bá 100 lọ. Ó jọ pé ni a sọ. Ohun tí a bá ṣa jáde lẹ́yìn tí eré ti parí kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn oníhóró náà wà. Branaplam ti Novartis ba iṣan ara àwọn kan jẹ́, wọ́n pa ìdánwò rẹ̀ tì ní 2022. Votoplam ṣì wà lẹ́nu ìdánwò. Ó ń dín purotéènì kù nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ti mọ̀ báyìí pé kò tó láti yọ̀ mọ́. Ohun tó tún mú ká rí ọ̀nà mìíràn ni ìwádìí àwọn onímọ̀ Broad Institute tó jáde nínú oṣù Kìíní 2025: CAG tí a bí ènìyàn pẹ̀lú kì í dúró lójú kan nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Yóò máa rọra gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí yóò fi lé ní 150 nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ìgbà náà ni sẹ́ẹ̀lì yẹn tó ń ṣàìsàn tó sì ń kú. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oògùn tó máa dá gígùn yẹn dúró lè ṣe ohun tí èyí tó ń dín purotéènì kù kò lè ṣe.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tó kan àwa gan-an. Àrùn kan wà tí kò sí bí ojú lásán ṣe lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Huntington. Huntington disease-like 2 ni wọ́n ń pè é, HDL2 ní kúkúrú. Ìsọ ọwọ́ sọ ẹsẹ̀ kan náà, ìyípadà ìwà kan náà, ọjọ́ orí kan náà, ìdajì àǹfààní kan náà fún ọmọ. Ṣùgbọ́n jíìnì mìíràn ló ń fà á, JPH3, lórí kurómósómù 16. Russell Margolis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins ló ṣàwárí rẹ̀ ní 2001 nínú ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ló jẹ́ ìran Áfíríkà: ní South Africa, ní Amẹ́ríkà, ní Brazil. Nínú JPH3, bí lẹ́tà mẹ́ta inú rẹ̀ bá tún ara wọn kọ ní ìgbà 6 dé 28, kò séwu. Bó bá ti lé ní 40, àrùn ni.

AMT-130, tominersen, votoplam, ońṣẹ́ jíìnì Huntington ni gbogbo wọn ń wá. Wọn ò mọ JPH3. Ẹ lè kó gbogbo wọn bo ẹni tó ní HDL2, kò ní ràn án lọ́wọ́. Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé dókítà á fura sí Huntington, á ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, èsì á ní kò sí, wọ́n á sì ní kí ìdílé náà máa lọ sílé pé kì í ṣe àrùn àjogúnbá. Àwọn ọmọ á wá máa bímọ lórí ìdánilójú òfìfo. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ ìran Áfíríkà tó bá ní àmì wọ̀nyí tí èsì Huntington rẹ̀ sì dára, kó béèrè fún JPH3, ní Èkó ló wà ni o, ní London ni o. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ kò bá tẹ ohun mìíràn jáde nínú lẹ́tà yìí, ẹ tẹ ìpínrọ̀ yìí.

Nípa àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ mílílítà mẹ́ta sí márùn-ún ti tó, nínú ìgò EDTA tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Kí wọ́n rọra yí ìgò náà lójú padà ní ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá dì ni ilé àyẹ̀wò máa ń dá padà. Inú fìríìjì ni kó wà, kì í ṣe ibi tí omi ti ń di yìnyín. Bí èsì bá dé, ẹ má gba bébà tó kàn kọ pé kò sí. Ẹ béèrè nọ́ńbà. Nọ́ńbà méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, bíi 17 àti 43, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ, ó lè jẹ́ pé méjèèjì dọ́gba, ó sì lè jẹ́ pé èkejì gùn jù débi pé ẹ̀rọ ò lè kà á. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní triplet-primed PCR tún un ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òun jogún rẹ̀, kò yẹ kó ṣe é láìkọ́kọ́ jókòó bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀, kó sì gba èsì lójúkojú, kì í ṣe lórí fóònù. Ọmọdé tí kò ní àmì kankan, ẹ má ṣe àyẹ̀wò fún un. Kó dàgbà kó pinnu fúnra rẹ̀.

Kí aláìsàn máa ṣe kí ni títí oògùn yóò fi dé? Nǹkan wà tó ṣeé ṣe, àwọn ìwé ìròyìn kì í sì í kọ ọ́ torí kò lárinrin. Tetrabenazine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2008, ń dín ìsọ ara kù, 12.5 mílígíráàmù lójúmọ́ ni dókítà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, á sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì sílẹ̀ tàbí kó mú un le, débi pé ènìyàn lè fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀, nítorí náà ará ilé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ìwà rẹ̀. Níbi tí kò bá sí, àwọn dókítà máa ń lo haloperidol, risperidone tàbí olanzapine ní ìwọ̀n kékeré. Àwọn oògùn tí a sọ tán yìí kò dá àrùn náà dúró, ìsọ ara nìkan la ń lò wọ́n fún níbí. Bí ìsọ náà kò bá sì dí aláìsàn lọ́wọ́, kò sí ìdí láti lò wọ́n.

Oúnjẹ ló ń pa wọ́n ju bí a ṣe rò lọ. Òtútù àyà ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ikú wọn, oúnjẹ tàbí omi tó gba ọ̀nà òfun òdì ló sì sábà máa ń fà á. Omi lásán àti ọbẹ̀ tó ṣàn ló léwu jù. Ògì tó ki sàn ju èyí tó ṣàn lọ. Kí ó jókòó gbọnrangandan, kí ó fa àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé e mì, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń jẹun, kí ó sì wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún máa ń rù gidigidi, torí náà ẹ wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi mílíìkì, epo tàbí ẹ̀pà lílọ̀ kún ohun tí wọ́n ń jẹ.

Àwọn oníjìbìtì ti gbọ́ ìròyìn náà pẹ̀lú yín. Ìdánwò oògùn tó jẹ́ ojúlówó kì í gba owó oògùn lọ́wọ́ aláìsàn. Owó ọkọ̀ aláìsàn gan-an ni wọ́n máa ń san padà. Yóò ní nọ́ńbà, NCT tí díjíìtì mẹ́jọ tẹ̀ lé lórí ClinicalTrials.gov, tàbí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PACTR lórí ìwé àkọsílẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ìwádìí náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní òun ní AMT-130 nínú kúlà, ẹ rántí iṣẹ́ abẹ wákàtí 12 sí 18 tí a sọ yẹn, ẹ sì bi í pé níbo ni òun fẹ́ lu orí sí. Àwọn òǹkàwé yín tó wà ní Britain tàbí Amẹ́ríkà tí Huntington wà nínú ìdílé wọn lè forúkọ sílẹ̀ fún Enroll-HD láti ọmọ ọdún 18 lọ, kódà kí wọ́n má tíì ṣe àyẹ̀wò. Wọn ò ní sọ èsì fún ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀. Kò sí oògùn níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ìdánwò oògùn ti máa ń wá ènìyàn, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣa àwọn tí wọ́n fi wé àwọn 12 yẹn.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ tẹ àtúnṣe jáde lójú ewé ìlera kan náà, kó tó ìwọ̀n ìròyìn àkọ́kọ́ náà, kì í ṣe ìlà méjì nísàlẹ̀ ìpolówó ọjà. Ẹ kọ ọ́ pé oògùn kan tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú ọpọlọ dẹ ẹsẹ̀ àrùn Huntington lára àwọn 12 fún ọdún mẹ́ta, pé wọn kò tíì fún un níwèé àṣẹ, àti pé kò wúlò fún HDL2. Lẹ́yìn èyí, ìgbàkígbà tí ìròyìn oògùn bá tún dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi ẹni tó mú un wá pé ènìyàn mélòó, wọ́n fi wọ́n wé ta, kí ni wọ́n wọ̀n, ẹ sì tẹ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwa ni,
Nọ́ọ̀sì kan àti apòògùn kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín láti London